Ohùn Alàájà Nínú Kọ̀ǹpútà Tó Sùn

Iná pupa rúsúrúsú kan, tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ni mo máa ń kọ́kọ́ rí bí mo bá rántí ọdún yẹn. Ó ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ara kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ Alàájà ló wà, nínú agboolé kan ní Èjìgbò tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí títì. Títí di òní, bí mo bá rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lára ohunkóhun, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà ni, mo ń retí kí wọ́n pè mí sí ìsìn àgùnbánirọ̀. Ẹni tó ti dúró de irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ọwọ́ ṣe ń dilẹ̀ tó. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe tí n kò ní mọ ìdí rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí mi ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀, mo sì gba ìwé-ẹ̀rí náà gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Alàájà ti pẹ́ ní Abidjan kó tó padà wálé wá sinmi. Aṣọ ló tà níbẹ̀, láti ìgbà ìyàwó títí orí rẹ̀ fi funfun. Ọmọ méjì ló kù fún un láyé. Èyí ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ṣì wà lọ́hùn-ún nídìí ọjà tí ìyá fi sílẹ̀. Tọ́ńtì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí ní ibẹ̀ nìyẹn. Èyí àbúrò, ọkùnrin, wà nílé, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ní ẹ̀yìn agboolé. Bọ̀dá ni èmi ń pè é. Tọ́ńtì ló ra kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sílé, kí ìyá rẹ̀ lè máa rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú fídíò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ní kí n máa wá bá wọn tọ́jú rẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọ kọ̀ǹpútà nínú agboolé náà nìyẹn, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn oníkéwú, wọ́n sì ń fún mi ní oúnjẹ bí ọmọ inú ilé.

Àwọn ọmọ-ọmọ wọ̀nyẹn kò gbọ́ Yorùbá tó nǹkan. Wọ́n á kí ìyá àgbà tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé láàárín ara wọn, Alàájà á sì máa rẹ́rìn-ín sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo àwọn ẹyẹ. Ìyẹn ló mú kí Tọ́ńtì pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n jókòó ti Màmá, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n sọ ìrìn-àjò wọn, kí wọ́n ki oríkì ìdílé, kí àwọn ọmọ náà lè rí ohun kan dì mú bí wọ́n bá dàgbà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí ó ti fẹ́ pa fóònù, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Tó bá yá, kó o bi wọ́n nípa ilẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn náà. Má jẹ́ kó dà bíi pé èmi ni mo rán ẹ.”

Oko bàbá wọn ni ilẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ látijọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ kọ́lé lápá ibẹ̀. Tọ́ńtì ń fura pé Bọ̀dá fẹ́ tà á lẹ́yìn òun. Bọ̀dá ń fura pé Tọ́ńtì fẹ́ rán àjèjì wá gbà á lọ́wọ́ òun. Kò sí èyí tó sọ ọ́ sí ojú èkejì nínú wọn. Èmi ni àwọn méjèèjì máa ń sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Pańṣá ò fura, pańṣá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi kò tíì dàgbà tó láti lo oògùn náà. Mo rò pé nítorí pé wọ́n fẹ́ràn mi ni wọ́n ṣe ń finú hàn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gba ohùn náà sílẹ̀, ara Alàájà yá gágá. Ó wé ìborùn funfun bíi pé àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ ọ yóò rí i. Mo gbé máìkì kékeré sórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Ṣé kò ní gé mi jẹ?” Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe gbé e ní ìyàwó sẹ́yìn lọ́rì tó kún fún àpò àlùbọ́sà, tí òórùn rẹ̀ kò fi kúrò lára aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi dé Abidjan. Ó sọ ọ̀rọ̀ Faransé àkọ́kọ́ tó kọ́, kọ́ńbíẹ̀n, ìyẹn èló ni, àti bó ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà tajà títí ó fi rí ìkejì kọ́. Ó ki oríkì bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà nígbà tó ń kì í, ó dà bí ohùn ọmọdébìnrin. Mo ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo wá bi í ní ìbéèrè tí wọ́n rán mi. Mo ṣe é bí ẹni tó kàn rántí. Mo ní, “Màmá, ilẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ńkọ́? Ta ni Bàbá ní kó máa tọ́jú ẹ̀?”

Alàájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wò mí, kì í ṣe bó ṣe ń wò mí láti àárọ̀. “Ilẹ̀ wà níbi tó wà,” ló sọ. Lẹ́yìn náà ló ní àkókò Àyìlá, irun ọ̀sán, ti tó, kí n jẹ́ kí òun kírun, pé bí òun bá kírun tán a lè máa bá a lọ. Mo jáde kó lè dá wà, mo sì gba ilé wa tí kò jìnnà síbẹ̀ lọ jẹun. N kò dá gbígba ohùn náà dúró. Mo rò pé tí mo bá padà dé, màá gé ibi tó bá dákẹ́ kúrò.

Àárín oúnjẹ ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, Bọ̀dá àti àwọn tó ń bá a mọ búlọ́ọ̀kù ti gbé Alàájà dé ẹnu ọkọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Òṣogbo ni wọ́n sáré gbé e lọ. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí agboolé dá, mo wọ pálọ̀. Ẹní ìkírun ṣì wà nílẹ̀, etí rẹ̀ kan ká sókè. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn, iná rúsúrúsú náà sì ń ṣẹ́jú. Ó ti sùn, bí ó ti máa ń ṣe bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mi máùsì. Fáànù inú rẹ̀ pariwo, iná yí padà sí funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò là. Mo dúró. Kò là. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fáànù dákẹ́, ó padà sínú oorun. Mo tún jí i, ariwo náà ni, òkùnkùn náà ni. Mo tẹ gbogbo wáyà mọ́ àyè rẹ̀, kò yí padà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kọ̀ǹpútà tó sùn yàtọ̀ sí èyí tí a pa. Èyí tí a pa ti kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kó tó dùbúlẹ̀. Èyí tó sùn ṣì gbé ẹrù dání lọ́wọ́. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ohun tó gbé dání já bọ́, kò sì sí ẹni tó lè ṣà á. N kò tíì fi ohùn Alàájà pamọ́. Gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀ yẹn, lọ́rì alálùbọ́sà àti oríkì bàbá rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ tó sùn náà ló wà, ẹni tó sì ni ohùn kò lè sọ ọ́ mọ́.

Bọ̀dá padà dé ní ìrọ̀lẹ́ láti wá mú aṣọ ìyá rẹ̀. Ó bá mi lórí kọ̀ǹpútà.

“Kí ló ṣe é?”

“Ó sùn, Bọ̀dá. Kò jí.”

Ojú rẹ̀ yí padà, èmi náà sì mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. “Pa á, kó o tún un tàn,” ló sọ.

“Tí mo bá pa á, ohùn Màmá á lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló wà níbẹ̀.”

“Títí dé ìgbà wo?”

Ìbéèrè náà bá mi lójijì. “Mi ò dá a dúró kí n tó lọ,” ni mo dáhùn. “Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ títí di ìgbà tó sùn.”

Bọ̀dá wo ẹ̀rọ náà, ó wo ẹní ìkírun, ó sì kó aṣọ tó wá mú. Bó ṣe ń jáde lọ ló tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mo ṣì rò pé kó o pa á.”

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Kí ló sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí mo jáde, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, mo dá ara mi lóhùn. Ó wọlé wá bá ìyá lórí ẹní, ó fi ilẹ̀ dà á láàmú títí ara ìyá fi kọ̀. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, ó sì bá ara rẹ̀ mu débi pé n kò wá ẹ̀rí kankan. Ní ọjọ́ kejì, mo wọlé bá Bọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín wáyà.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

“Mo ń wò ó ni,” ló dáhùn, ó sì gbọn ekuru ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Nígbà tí Tọ́ńtì pe fóònù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó béèrè ẹni tó kẹ́yìn nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní èmi ni. Ó béèrè ẹni tó tún wọlé. Mo ní Bọ̀dá. Ó wá ní, “Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ nílé.” Mo ti fẹ́ sọ pé ó dàbọ̀ nígbà tó fi kún un pé, “Ìwọ náà, má fọwọ́ kàn án.”

Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n jẹun lọ́jọ́ náà.

Nínú agboolé, ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn obìnrin ilé ń sọ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ gba ohùn Alàájà náà ni Alàájà kò lóhùn mọ́. Pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọn kò dárúkọ mi. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ bí mo bá wọlé. Ìyá tó bí mi gbọ́, ó ní kí n má lọ síbẹ̀ mọ́, kí n fi ẹ̀rọ oníẹ̀rọ sílẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀. Bí n kò bá lọ, wọ́n á ní mo sá.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹ̀rọ náà, èmi àti Bọ̀dá, bí aládùúgbò méjì tó ń ṣọ́ ògiri tí wọ́n ń jà sí. Àkókò òjò ni. Wọ́n mú iná lọ, wọn kò tètè dá a padà, bátìrì sólà tó wà nínú ilé kò sì rí oòrùn jẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, Bọ̀dá lọ ra epo, ó tan jẹnẹrétọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó sì fa wáyà rẹ̀ wọ pálọ̀. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Èmi ń rò ó pé bóyá ó fẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ jó o ni, kó lè sọ pé òun ń ràn wá lọ́wọ́. Mo jókòó ti wáyà náà, mo ń gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó. Òun náà jókòó sórí àga lápá kejì, ó ń wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé, “Kí ló dé tó ò fẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó? Kí lo ṣe sí i?” Mo dá a lóhùn pé n kò ṣe nǹkan kan, ohùn mi sì jáde bíi ti ẹni tó ṣe nǹkan.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wá láti Òṣogbo. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Bọ̀dá ní kò ní jáde nílé. Mo ní bí wọ́n bá yọ ọ́ lára iná, ó ti tán. Tọ́ńtì ń pariwo nínú fóònù láti ojú ọ̀nà, ó ti kọjá Ghana nígbà náà, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e títí òun á fi dé. Ọkùnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ṣé kọ̀ǹpútà ni ẹ pè mí sí ni, àbí ẹjọ́?” Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ní tí a bá ti parí ẹjọ́ kí a pe òun.

Tọ́ńtì dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú látinú ọkọ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé Alàájà padà wálé, wọ́n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀ fún un kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ó ń rí wa, ó ń gbọ́ wa. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, a kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Tọ́ńtì fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló yíjú sí tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà. “Sè kwá sà?” ló sọ, ìyẹn kí nìyí, bó ṣe máa ń sọ bí nǹkan bá rú u lójú. “Ẹ pe ọkùnrin yẹn wá. Níbí ni yóò ti ṣe é, lójú gbogbo wa.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Oníṣẹ́ náà jókòó sórí àpótí, Tọ́ńtì dúró lẹ́yìn rẹ̀, Bọ̀dá fara ti ilẹ̀kùn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mi máùsì, fáànù pariwo, ojú kò là. Ó gbìyànjú èyí, ó gbìyànjú èyí tó yàtọ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ojú wa tó pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tẹ bọ́tìnnì kan lókè kíbọ́ọ̀dù, iná kékeré kan tàn níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀, iná kú. Ó tún un tẹ̀, ó tàn.

“Ẹ̀rọ yìí ò sùn o,” ló sọ. “Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń dáhùn. Ó ti jí tipẹ́, ojú rẹ̀ ni kò là. Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ yẹn nínú ilé?”

Bọ̀dá ló lọ tú tiẹ̀ wá láti yàrá rẹ̀. Wọ́n fi wáyà mìíràn so ó mọ́ ihò mìíràn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó ṣẹ́jú, ó sì mọ́lẹ̀ gbòò. Gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀, ìlà ohùn Alàájà tẹ́ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí òkè àti àfonífojì. N kò dúró de àṣẹ. Mo na ọwọ́ gba abẹ́ apá oníṣẹ́ náà, mo fi ohùn náà pamọ́, Tọ́ńtì fún mi ní fílàṣì tó mú bọ̀, mo tún fi í pamọ́ síbẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mí.

Oníṣẹ́ náà fa wáyà ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yọ, ó fi hàn wá. Orí rẹ̀ ti tẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì inú rẹ̀ ti ká. Ó bi wá pé ta ló ti tábìlì mọ́ ògiri. Bọ̀dá ló wá rántí. Nígbà tí Bọ̀dá àti àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń gbé Alàájà kúrò lórí ẹní, wọ́n fi ìdí gbá tábìlì sẹ́yìn kí wọ́n lè rí ọ̀nà. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Gbogbo wa tí a ti ń wá ẹni tó ṣe é kò rí ẹnì kan mú, ó sì dà bíi pé ọwọ́ wa ṣófo lójijì.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ,” ni Tọ́ńtì wí.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan,” ni Bọ̀dá sọ.

Tọ́ńtì yíjú sí i. “Kí ló wà ní ìparí?”

Bọ̀dá yíjú sí ìta. Tọ́ńtì ní kí n fi sí i, kí n má dá a dúró.

A gbọ́ lọ́rì alálùbọ́sà. A gbọ́ kọ́ńbíẹ̀n, Tọ́ńtì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Nígbà tí oríkì bẹ̀rẹ̀, Alàájà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yí orí rẹ̀ sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀. Ìbéèrè mi nípa ilẹ̀ dé, mo sì rí i tí Tọ́ńtì wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn dún, tí mo jáde. Ìró kírun, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ Bọ̀dá.

“Màmá, ẹ ti jẹun?”

“Ọmọ yẹn ti lọ?” Ohùn Alàájà ni. Kò ní ẹ̀rín nínú mọ́.

“Ó ti lọ.”

“Ẹ má jẹ́ kó wá síbí mọ́. Ojú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ń bi arúgbó léèrè ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń wá. Ó ní ẹni tó rán an.”

N kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí. Obìnrin tí mo fẹ́ràn bí ìyá àgbà mi, tí mo ń ṣọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹyin, òun ló ń sọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ nínú ohùn tí mo gbà là. Ohùn Bọ̀dá sì dáhùn, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

“Màmá, ọmọ dáadáa ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rán an, òun ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa wá. Ìgbà tó bá wà níbí lẹ ń rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀,” ni Alàájà wí. Lẹ́yìn náà, “Orí mi ń yí.” Ohun kan já lulẹ̀. Bọ̀dá pè é. Ó tún un pè. Igbe tó wá tẹ̀lé e kì í ṣe igbe tí àgbàlagbà ọkùnrin ń ké níwájú èèyàn. Ó ń pe ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, pé òun náà ò ní sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ láéláé. Tọ́ńtì fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ tó dá a dúró.

Bọ̀dá ti jáde. Ohun tí kò fẹ́ kí a gbọ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ẹni tó ni ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá wá bá mi, ó ní kí n bá òun gé ibi ìparí yẹn kúrò kí ọmọ kankan tó gbọ́ ọ. Tọ́ńtì fara mọ́ ọn. Ó tún pè mí sí ẹ̀gbẹ́, kò sì wo ojú mi dáadáa, ó ní kí n gé ibi tí Màmá ti sọ̀rọ̀ mi náà kúrò. Mo ní ó dáa. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo gé ìṣubú Alàájà àti igbe ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ibi tèmi, ọwọ́ mi dúró. Mo rò ó pé bí mo bá gé ohun tó kàn mí, ọjọ́ kan á jọ́kan tí ẹnì kan á bi mí pé kí ni mo tún gé mọ́ ọn. Ìyẹn ni ìdí tí mo sọ fún Tọ́ńtì. Ìdí kan tún wà tí n kò sọ. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá wà níbẹ̀ mọ́ ti ìyá rẹ̀, ọ̀kan di èkejì mú. Bí mo bá gé “ẹ má jẹ́ kó wá síbí mọ́,” “ọmọ dáadáa ni” náà kò ní ibi tí yóò dúró sí. Mo fi méjèèjì sílẹ̀.

Tọ́ńtì mú fílàṣì náà padà sí Abidjan. Bọ̀dá gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́dún náà, n kò gbọ́ pé ó tà á, n kò sì gbọ́ pé wọ́n jọ jókòó sọ ọ́ yanjú. Kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sí mi rí, èmi náà kò sọ ọ́ sí i. Ìyípadà kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti wá mu omi tútù nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá níwájú búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Mo ń lọ kí Alàájà títí wọ́n fi pè mí sí ìsìn, ó sì ti kú kí n tó padà dé. Bí mo bá jókòó tì í, á fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì lágbára di ọrùn-ọwọ́ mi mú ṣinṣin, kò sì ní jẹ́ kí n lọ títí oorun á fi gbé e. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ìfẹ́ ló fi ń dì mí mú, àbí ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi ni, kí n má baà fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó máa ń dùn mí pé n kò mọ èyí tó jẹ́. Ní báyìí tí èmi náà ti ní ilé, tí mo sì ń wo ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ jù, mo rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì tù mí lára.